Àwọn Ayálégbé Inú Mi

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejì

Ìwé ìwọ̀n oníbàárà ni ìwé yìí tẹ́lẹ̀. Ìdajì rẹ̀ kún fún àyà àti ìbàdí àwọn ẹlòmíì, ìdajì tó kù ṣófo. Láti òní lọ, èmi ni mo ni ibi tó ṣófo.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Dókítà Onígíláàsì – gíláàsì kan lójú, ọ̀kan lórí, ó sì tún ń wá ẹ̀kẹta lórí tábìlì – wo ìwé àyẹ̀wò mi. Ṣúgà oṣù mẹ́ta, èyí tí kì í ṣe ti ọjọ́ kan ṣoṣo: 9.6. Nígbà tó kọjá, 9.1 ni. Ó ní oògùn oníhóró ti ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Bí kò bá wálẹ̀ dáadáa, ó di abẹ́rẹ́ nìyẹn, ojoojúmọ́, kí n máa fúnra mi gún un nílé.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun. Ó ti gún mi níka, ó ti wọ abẹ́ èékánná mi rí, mo fà á yọ, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Àmọ́ nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ yẹn, ó dà bíi pé mi ò rí abẹ́rẹ́ rí. Ìyá mi ló wá sí mi lójú. Ọdún mẹ́ta ló fi gba irú abẹ́rẹ́ yẹn, èmi ni mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọdún mẹ́ta náà ló sì lò kẹ́yìn láyé. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kọ́ ló pa á. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Mo sọ fún Alára-Líle nígbà tó dé. Alára-Líle ni ọkọ mi, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é bẹ́ẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í gbá àyà pé ara òun le koko, ọdún mọ́kànlá rèé tí dókítà kankan ò tíì fọwọ́ kàn án. Lónìí kò gbá àyà. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní a máa wá nǹkan ṣe sí i.

Ọjọ́rú, 4

Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri níbi tí a ti ń gba oògùn: wọ́n ń wá àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, fún ìwádìí nípa kòkòrò inú ìfun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n á kọ́ni ní bí a ṣe ń jẹun. Mo ní kí n kàn yọjú.

Ọmọbìnrin tó gbà mí lálejò kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Kòkòrò. Ó fi ìdí ife ya àwòrán ìfun fún mi sórí ìwé. Ó ní àwọn kòkòrò àìfojúrí wà nínú ìfun olúkúlùkù, iye wọn ò ṣeé kà, oríṣiríṣi ìdílé ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé èèpo ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti ọkà tí a ò bó ni wọ́n ń jẹ; wọ́n á sọ ọ́ di ohun tí ara ìfun fi ń lágbára. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, irú àwọn dáadáa yìí máa ń dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí lára àwọn tí ikùn wọn ti yọ, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, tí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ṣúgà wọn sì ń yọ́ gòkè – àwọn tí àtọ̀gbẹ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn, tí kò tíì kan ilẹ̀kùn.

Mo bi í pé ṣé lílọ wọn ló fa àìsàn, àbí àìsàn ló lé wọn lọ. Ó ní, "Mọ́mì, ohun tá a ń wá gan-an nìyẹn. A ò tíì mọ̀ ọ́n tán." Mo fẹ́ràn ẹni tó lè lanu sọ pé òun ò mọ̀.

Kí n tó délé mo ti fún wọn lórúkọ: ayálégbé. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mo ti ń jẹ́ onílé láìmọ̀, àwọn tó ń sanwó déédéé sì ti ń kó ẹrù wọn lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá fi ìgbẹ́ ránṣẹ́: níbẹ̀rẹ̀, láàárín, níparí. Ìyá Kòkòrò ń pè é ní "ìgbọ̀nsẹ̀", ojú ń tì í díẹ̀. Ike kékeré ni, ṣíbí wà lára ìdérí rẹ̀. Nọ́ńbà mi ni 47. Wọ́n fi òfìfo ike kan sí i, bóyá ọwọ́ á yọ̀.

Mo bi í bóyá dókítà á gbójú kúrò lórí abẹ́rẹ́ bí ìgbẹ́ mi bá dáa. Ó ní rárá o, ẹ̀jẹ̀ ni dókítà máa wò, ìwádìí ni tàwọn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Alára-Líle nígbà tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ó ní òun ti gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo ti ṣe é. Ó wà nínú fíríìsà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Mi ò kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Alára-Líle ló gbé e lọ. Iwájú ilé ìwádìí náà ni bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbà kọjá láràárọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń gbé ọmọ ilé-ìwé, òun ò tíì gbé èrò tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ báyẹn rí.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Ẹ̀wà láàárọ̀. Ewébẹ̀ lọ́sàn-án. Ọkà tí a ò bó. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan. Kò sí búrẹ́dì funfun, kò sí mílíìkì dídùn, kò sí ṣúgà nínú tíì. Tíì yẹn burú. Mo mu ún bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá Kòkòrò ní ọkọ tàbí aya ẹni lè wá yẹ ara rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè fi tọkọtaya wé ara wọn. Mo sọ fún Alára-Líle. Ó gbá àyà. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ohun tí wọ́n á fi wé nǹkan, kí wọ́n lọ gbé òkúta, òkúta nìkan ló le tó òun.

Ọjọ́rú, 11

Afẹ́fẹ́. Ọlọ́run ṣàánú mi. Mo ń wọn àyà oníbàárà kan lọ́wọ́, ikùn mi ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Obìnrin náà ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Àwọn ayálégbé tuntun ń kó wọlé, wọ́n ń wọ́ àga kiri. Alára-Líle ti gbé ìrọ̀rí lọ sórí àga gígùn. Ó ní òun fẹ́ràn mi ṣùgbọ́n òun tún fẹ́ràn kóun máa mí.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Àárọ̀ dáadáa. Mo rìn yí pápá ìṣeré po ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo gún ìka mi wò kí n tó jẹun: 7.4. Ní oṣù tó kọjá, 10 ló máa ń jẹ́. Mo kọ ọ́ sára dígí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì aṣọ, kí n lè máa rí i bí mo bá ń fọ eyín.

Ní ọ̀sán, mo jókòó ti iṣẹ́. Aṣọ akọrin méjìlélọ́gbọ̀n ló wà nílẹ̀, aláwọ̀ ewé, ọ̀gá akọrin ń fẹ́ ẹ ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n. Mo ṣe ọrùn mẹ́fà. Lẹ́yìn náà mo tú ìdí ṣòkòtò iṣẹ́ Alára-Líle, mo fi ìdajì íǹṣì kún ìbàdí rẹ̀, mo rán an padà, mo lọ̀ ọ́, mo fi í kọ́ síbi tó wà. Kò mọ̀. Kò mọ̀ rí. Ọkùnrin tó ń gbá àyà láràárọ̀, ta ló fẹ́ sọ fún un pé bẹ́líìtì ti ń bẹ̀bẹ̀?

Ọjọ́rú, 18

6.9. Mo jó nínú ilé ìdáná. Ẹ̀wà jóná díẹ̀.

Ọjọ́rú, 25

Mo ti bà á jẹ́.

Mo kó aṣọ lọ fún àwọn akọrin. Wọ́n wọ̀ ọ́ lójú mi, méjìlélọ́gbọ̀n wọn, kò sí èyí tó fún, kò sí èyí tó gùn. Wọ́n kọrin kan láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, orí mi wú, omi wá sí mi lójú. Wọ́n wá gbé kéèkì síta. Ẹ̀là kan ni mo ní màá jẹ. Ẹ̀là kẹta ni mo wà tí mo rántí pé èmi ni 47.

15.2 nígbà tí mo délé. Mo jókòó sórí ìdérí ilé ìgbẹ́, mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Alára-Líle bá mi níbẹ̀. Mo ní gbogbo rẹ̀ ti parí. Mo ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbẹ́ àárín, wọ́n á rí kéèkì nínú rẹ̀, wọ́n á rí i pé mi ò yípadà, abẹ́rẹ́ ti dé nìyẹn, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ìyá mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Kòkòrò ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Àmọ́ ta ló ń ronú gaara nígbà tó bá ń sunkún lórí ilé ìgbẹ́.

Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà mi, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ mi títí mo fi dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 26

7.8. Ọ̀la ṣì wà. Ẹ̀wà.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹta

Ìgbẹ́ àárín ti wà nínú fíríìsà. Ẹ̀wà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, àti kéèkì ẹ̀là mẹ́ta. Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Alára-Líle ló tún gbé e lọ. Ó jí ṣáájú mi, ó pẹ́ nínú ilé ìgbẹ́, ó jáde pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí gbogbo nǹkan máa dáa. Inú mi dùn pé ó gbà mí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Aṣọ aláwọ̀ aró mi ń ṣí lọ́rùn, ó ń yọ̀ léjìká. Mo gba íǹṣì kan àti ààbọ̀ wọlé níbàdí. Ọdún mélòó ni mo ti ń gba aṣọ ẹlòmíì wọlé tí mò ń jowú wọn. Mo wọ̀ ọ́, mo yí po níwájú dígí, mo pe àbíkẹ́yìn mi lórí fóònù, mo ní kó wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ rọra o, ẹ máa fọ́ dígí." Afẹ́fẹ́ ti dín kù. Ìrọ̀rí ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Ajé, 23

Ìyá Kòkòrò pè. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n wá lọ́la, èmi nìkan, ó ní nǹkan kan tóun fẹ́ bi mí. Mo ní ṣé kò sí o. Ó ní kò sí, ohùn rẹ̀ sì dún bíi pé ó wà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mi ò lè rán ìlà kan kó tọ́ lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má baà sọ lọ́la pé àlá ni.

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú sí mi." Ó ní awọ ara ìfun ẹni máa ń bọ́ mọ́ ìgbọ̀nsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ wọn sì máa ń rí i bóyá ara obìnrin ló ti bọ́ tàbí ara ọkùnrin. Ike 47 àkọ́kọ́, ti obìnrin ni. Ike 47 ẹlẹ́ẹ̀kejì – ó wo ilẹ̀ – ti ọkùnrin ni.

Mo ní báwo. Ó ní òun náà ń bi ara òun. Ó ní wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà.

Mo ronú. Mo rántí ẹni tó jí ṣáájú mi, tó pẹ́ nínú ilé ìgbẹ́, tó jáde pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ẹ̀rín gbé mi. Mo rín, mo rín, mo fi orí lélẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ rò pé mò ń sunkún, ó lọ bu omi wá. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nu ojú. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ò tíì rí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn tó báyìí.

Ó wá fa ìwé èsì sọ́dọ̀. Ó ní ẹni tó ni ike yẹn kò fọwọ́ sí ìwé, dídà ni àwọn máa dà á nù, kò sì yẹ kóun sọ púpọ̀. Ó ní kòkòrò inú ìfun nìkan ò lè sọ pé ẹnì kan ń ṣàìsàn, kí n fi èyí sọ́kàn. "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ká ní bàbá mi ni, màá ní kó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí." Ó ní ìdílé kòkòrò tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, àwọn dáadáa ò sì tó nǹkan. Ó jọ ti àwọn tí ikùn wọn ti yọ, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ.

Ẹ̀rín mi gbẹ níbẹ̀.

Mo dé ilé, mo dúró dè é. Mi ò jẹ́ kó bọ́ bàtà. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń pe ọkọ mi ní "ẹ". Lónìí, "o" ni mo fi bẹ̀rẹ̀. "O fi ìgbẹ́ rẹ sínú ike mi." Kò jiyàn rárá. Ó ní òun lo òfìfo ike tó ṣẹ́kù, òun fọwọ́ ara òun kọ 47 sí i. Ó ní òun rò pé ìgbẹ́ yẹn ni wọ́n fi máa pinnu ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ó ní, "Mo rí ẹ bó o ṣe ń sunkún. Ara mi le. Mo ní kí n fún ẹ lára tèmi."

Mo bi í pé tèmi ńkọ́. Ó ní òun sọ ọ́ sínú pàǹtírí ní ibùdó bọ́ọ̀sì.

Ìgbẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo ẹ̀wà yẹn, gbogbo afẹ́fẹ́ yẹn, tíì yẹn. Mo pariwo. Ó ní kí n má bínú. Mo ní ẹni tó bá lóun máa dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Mo wá sọ fún un ohun tí Ìyá Kòkòrò sọ. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá àyà, ọwọ́ náà dúró lágbedeméjì, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ikùn. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọjọ́rú, 25

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ní ọ̀sán mo ṣí iwájú ìwé yìí, níbi tí ìwọ̀n àwọn èèyàn wà. Tirẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí mo máa ń kọ gbogbo ohun tí mo bá wọ̀n. Ìbàdí: 34. Lẹ́yìn ìyẹn 36. Lẹ́yìn ìyẹn 37 àti ààbọ̀. 39. 40. 41. 41 àti ààbọ̀. Ọdún mọ́kànlá, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, tèmi.

Mò ń bínú sí i pé ó tàn wọ́n jẹ nítorí mi. Èmi ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tú ìdí ṣòkòtò ní bòókẹ́lẹ́ kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ká ní ṣòkòtò yẹn fún un mọ́ra lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bóyá á ti bi ara rẹ̀ léèrè. Ojú tì mí. Ó dùn mí gan-an.

Mo gbé ìwé náà lọ bá a, mo fi hàn án. Ó ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn, ó fi ìka tọ̀ wọ́n. Ó ní, "Mo rò pé aṣọ dáadáa lò ń rà fún mi ni, tí kì í sún." A wo ara wa. Ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀.

Mo ti padà sí "ẹ".

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Ó ní òun máa lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí ni wọ́n fẹ́ rí gan-an. Mo ní Ọjọ́ Ajé ni a ń lọ.

Ọjọ́ Ajé, 30

A lọ. Ọkùnrin tó ń darí ọmọ ilé-ìwé márùndínláàádọ́ta láìgbé ohùn sókè, ó rí ọ̀já tí nọ́ọ̀sì fẹ́ fi so apá rẹ̀, ó fa apá náà sẹ́yìn. Ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ lòun ń bẹ̀rù, ohun tí wọ́n máa rí ni.

Mo di ọwọ́ kejì mú. Mo wàásù. Mo ní ohun tí a bá mọ̀ la lè bá jà. Mo ní abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ẹnì kankan. Mo ní èèyàn kì í torí pé ẹ̀rù ń ba òun kó kọ ohun tó máa ran òun lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ṣeun mà, ẹ wá máa bá wa ṣiṣẹ́." Èmi náà gbọ́ ohùn ara mi. Ọ̀bẹ tó mú, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹrin

Ẹ̀jẹ̀ ríru: 158 lórí 96. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ìbàdí 41 àti ààbọ̀ – mo ti mọ èyí ṣáájú wọn. Ṣúgà: ó ti gòkè, kò tíì di àtọ̀gbẹ. Dókítà Onígíláàsì ní ó ṣì lè yí padà, bó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní ká ní ó tún fi ọdún méjì sí i, bóyá orí ìdarí ọkọ̀ ni àìsàn ì bá ti gbé e ṣubú.

Mo jáde síta, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo dúpẹ́. Mi ò mọ ẹni tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an: Ọlọ́run, Ìyá Kòkòrò, àbí ìgbẹ́. Ká ní Alára-Líle ò purọ́ nítorí mi ni, a kì bá tí mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi wà láàyè, wọ́n sì ti rí i lásìkò. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀.

Ó fọwọ́ sí ìwé ìwádìí lọ́tẹ̀ yìí. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni 113. Ìyá Kòkòrò gbé ike fún un, ó ní, "Dádì, èyí ni tiyín o."

Ọjọ́bọ̀, 2

Ike méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Mo fi bírò pupa kọ OBÌNRIN gàdàgbà sára tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 3

Èmi ni mo gbé méjèèjì lọ. Mo bá Ìyá Kòkòrò sọ̀rọ̀ nípa kéèkì, mo jẹ́wọ́ ẹ̀là mẹ́ta. Ó ní ọ̀sán kan ò lè lé gbogbo ayálégbé jáde, bí a bá tètè padà sí oúnjẹ wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Ọjọ́ kẹsàn-án Alára-Líle lórí ẹ̀wà. Afẹ́fẹ́. Ìrọ̀rí tèmi ló wà lórí àga gígùn báyìí. Ó ní ayálégbé ti pọ̀ lọ́dọ̀ òun, pé wọ́n ti ń yan alága ẹgbẹ́. Ó rìn yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, ó ń mí hẹlẹ, kò sì gbá àyà.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ọ̀la ni ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá pé. Mi ò sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó mọ̀. Ó ti fọ ife tí mo máa ń lò, ó gbé e síbi tí ọwọ́ mi á ti tètè tó o.

Ọjọ́ Ajé, 13

Ṣúgà oṣù mẹ́ta: 8.2.

Dókítà Onígíláàsì kà á lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú gíláàsì méjèèjì. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní láti 9.6 sí 8.2, iṣẹ́ ńlá ni mo ṣe, kò sí oògùn tó máa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ọwọ́ tèmi nínú rẹ̀. Alára-Líle ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ àga bí ọmọ tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

Dókítà wá ní ibi tóun fẹ́ kí n dé ni 7. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Mo lè fi oṣù mẹ́ta sí i, bí mo ṣe ń jẹun yìí, ká wò ó bóyá ó máa tún wálẹ̀. Mo sì lè bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ díẹ̀ lónìí, ìwọ̀n kékeré, kí ojú àti kíndìnrín mi lè sinmi, bó bá yá ká tún dín in kù. Ó ní èyíkéyìí tí mo bá mú, kò burú. Èmi ni màá sọ.

Oṣù mẹ́ta. Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún láti oṣù kejì nìyẹn, ó gbé e kalẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnu mi ti ya láti gbà á. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Alára-Líle ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lówùúrọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Ọjọ́ mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nínú ilé yìí kan náà, ni mo wàásù fún un. Mo wá rí i pé oṣù mẹ́ta tí mo fẹ́ gbà yẹn, ẹ̀rù nìkan ni mo fẹ́ fi bọ́. Ìyá mi náà sá fún un, ọdún mẹ́rin gbáko, kó tó gbà. Ọdún mẹ́rin yẹn ló pa á. Mi ò kọ èyí síbì kankan rí, mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n rò ó.

Mo ní kí wọ́n fún mi lónìí.

Nọ́ọ̀sì kọ́ mi. Ó dà bíi gègé ìkọ̀wé, abẹ́rẹ́ orí rẹ̀ tín-ín-rín ju èyíkéyìí tí mo ní nínú àpótí mi lọ, kò tó ohun tí a fi ń rán bọ́tìnnì ọmọ ìkókó. Ó ní kí n fún ikùn mi pọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo. Mo fún un pọ̀. Mo mọ bí a ti ń di aṣọ tó ń yọ̀ mú.

Alára-Líle ti di ojú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó. Ó ń bi mí pé ṣé ó dùn mí, ṣé ó dùn mí. Mo ní kí ẹ lajú jàre, mo ti ṣe tán tipẹ́.